Ẹni Mẹ́jọ Ilé Ìyá Ọláìtán

Mo búra fún yín pé ìtàn yìí kò ní gùn. Àwọn tí mo ti búra bẹ́ẹ̀ fún rí ṣì wà láàyè, púpọ̀ nínú wọn.

Ní Ìletò Òṣùpá, kò sí afẹ́fẹ́ níta. Inú àgbá ni olúkúlùkù ti ń fọwọ́ fà á wọlé, títí ìgbìmọ̀ ìlú fi gbé okùn-ìmọ́lẹ̀ dé. Okùn yìí ń mú ayélujára wọ ilé, ó sì ń sọ fún ìgbìmọ̀ iye ènìyàn tó ń mí níbẹ̀, kí wọ́n lè mọ afẹ́fẹ́ tí wọn yóò fi ránṣẹ́. Òfin kan ló bá a wá: ẹni mẹ́jọ péré ni ilé kan gbọ́dọ̀ gbà. Bó bá di mẹ́sàn-án, àgbàlagbà tó dé ìletò gbẹ̀yìn yóò padà sí Ayé.

Ẹni mẹ́jọ gẹ́lẹ́ ló wà nílé Ìyá Ọláìtán, ìyá náà kò sì fọkàn tán okùn náà. Kò fọkàn tán Ẹnjiníà Ọlátẹ́jú tó gbé e wá pàápàá, nítorí ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín jù. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ṣoṣo ló wà nílé tí wọ́n lè so okùn mọ́, ohùn olóògbé ọkọ rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Láràárọ̀ ni ìyá ń tàn án, tí ohùn náà á ní, "Ìyàwó mi, ṣé o jí dáadáa?" Òun náà á dáhùn.

"Mà, ihò ara kọ̀ǹpútà yìí, ti ayé Nóà ni o," Ẹnjiníà wí, ó ń wá irin tó máa fi so ó.

"Ṣé ìwọ lo bá mi rà á ni?"

Okùn wọlé, ó há pinpin. Ìgbìmọ̀ ti ṣe é kó má ṣeé yọ mọ́. Àpótí-etí tó wà ní ìdí okùn tan iná. Ìbéèrè kan yọ lójú kọ̀ǹpútà: ẹ̀yin mélòó lẹ wà nílé?

"Èmi ò ní jókòó kí n máa ka ọmọ bí ẹni ka iṣu. Kí ni wọ́n fẹ́ fi iye wa ṣe?"

"Mà, ẹ ṣáà ní mẹ́jọ, ó parí."

"N ò kà."

"Kò burú. Ẹni tí ò bá kà, àpótí á bá a kà á. Ó ń gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù."

Àpótí ní, "Ọkàn mẹ́sàn-án."

Ẹ̀rín Ẹnjiníà tán. Gbogbo ojú yí sí Àníkẹ́, ìyàwó Ọláìtán, tó ti ń wá ọmọ láti ọdún mọ́kànlá, òun náà ló sì dé ìletò gbẹ̀yìn. Ó ti fọwọ́ bo ikùn.

"Ẹ má bínú, Mà. Oṣù mẹ́ta ni. Mo ní kó kọ́kọ́ dúró dáadáa ná."

"Iṣẹ́ tí àpótí rán ti ń gba inú kọ̀ǹpútà lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀," Ẹnjiníà sọ jẹ́jẹ́.

Ọpẹ́lọpẹ́ ọjọ́ orí kọ̀ǹpútà. Ó ń mí gúlegúle bí ẹni ń gun òkè, iṣẹ́ náà kò sì tíì lọ tó ìdajì.

Ìyá Ọláìtán gbé ìkòkò ẹ̀kọ gbígbóná kúrò lórí iná. "Baba Ọláìtán, má bínú sí mi." Ó da gbogbo rẹ̀ lé kọ̀ǹpútà lórí.

Èéfín sọ. Ohùn kan jáde, "Ìyàwó mi, ṣé o—"

"Mo jí dáadáa," ó dáhùn.

Ohun tí Ẹnjiníà kọ sínú ìwé rẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà náà ti darúgbó jù, okùn kò gbà á. Títí dòní, ọwọ́ ni wọ́n fi ń fa afẹ́fẹ́ nílé yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi í sínú. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín, ẹni mẹ́jọ ló ń gbé ibẹ̀. Bí ẹ bá sì gba ibẹ̀ kọjá, tí ẹ gbọ́ tí ìkókó ń ké, kọ̀ǹpútà ni.