Òkú Tí Wọ́n Wẹ̀ Kí Ọkọ̀ Tó Balẹ̀

Nígbà tí Ghizlane jí nínú ọkọ̀ òfuurufú, apá aṣọ rẹ̀ méjèèjì ti rin gbingbin dé ìgúnpá. Kò sì sí ife omi kankan nítòsí. Ọkùnrin tó jókòó tì í fọwọ́ bo imú.

"Ẹ jọ̀ọ́, arábìnrin, òórùn káńfọ̀ yín yìí pọ̀ jù. Bí ilé òkú ló ń rùn."

Ghizlane kọjú síwájú. Inú ń bí i ju kó máa ro ti òórùn lọ. Àwòrán ojú ọ̀nà tó wà lẹ́yìn àga iwájú fi hàn pé láti Dubai, wọn ò tíì ju ìdajì ọ̀nà Casablanca lọ, ó ṣì ku wákàtí mẹ́rin. Ó bú ọkọ̀ náà lábẹ́ ètè.

Àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ náà ni ìyá rẹ̀ kú ní Casablanca. Ọjọ́ pẹ́ tí Ìyá ti gba ìlérí lẹ́nu rẹ̀ pé Ghizlane fúnra rẹ̀ ni yóò wẹ òkú òun. Kó tó wọ ọkọ̀, ó bẹ Abdelilah àbúrò rẹ̀ lórí fóònù pé kí wọ́n dúró di ìrun Alaasari ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó sin ín.

"Nínú ooru yìí?" ni Abdelilah wí. "Ẹ̀gbọ́n mi, Ayila ọ̀sán la máa sin ín. Ṣé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ lọ máa gbé ibi tó jìn tó ẹgbẹ̀rún mẹ́fà kìlómítà?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń ta á lára lẹ́yìn tí ọkọ̀ gbéra, bó ṣe ń yí òrùka tí Ìyá fún un kiri ìka, títí oorun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí nínú rẹ̀ yìí fi gbé e lọ.

Nígbà tó dé ilé, àwọn ọkùnrin ti ti itẹ́ òkú dé. Abdelilah wo báàgì ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ibo lẹ gbà jáde? Yàrá Ìyá la fi yín sí."

Ghizlane gbá a létí. "O sin ìyá mi láìdúró dè mí, o tún ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?"

Lalla Zhor, tó máa ń wẹ òkú obìnrin àdúgbò, fà á wọ yàrá. Ó fi nǹkan kan lé e lọ́wọ́.

"O gbàgbé èyí létí abọ́ omi."

Òrùka rẹ̀ ni. Ghizlane wo ìka ara rẹ̀, ó ṣófo.

"Mi ò sí níbí," ló wí. "Inú òfuurufú ni mo wà. Mo sùn ni."

Lalla Zhor fọwọ́ kan apá aṣọ Ghizlane tó ṣì tutù. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Ìdí nìyẹn. O fi omi káńfọ̀ wẹ̀ ẹ́ dáadáa, ọmọ mi, o sì rọra tú irun rẹ̀. Ṣùgbọ́n o ò la ojú rẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo rò pé o ò fẹ́ wò ó ni."

"Báwo ni ojú Ìyá ṣe rí?"

"O mọ̀ pé ẹni tó wẹ òkú kì í sọ ohun tó rí."

"Èmi náà wẹ̀ ẹ́. Sọ fún mi."

Lalla Zhor mi orí, ó jáde. Ghizlane ju òrùka náà mọ́ ògiri. Ó wá gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ojú, ó ń fi imú wá Ìyá níbẹ̀, òórùn káńfọ̀ nìkan ló gbọ́.