Ìkookò Funfun Tí Kò Ní Àìlera

Ọ̀bẹ ẹ̀rọ ìgébébà já wálẹ̀, gbà! Káàdì mẹ́rin mìíràn bọ́ sórí tábìlì, etí wọn gún régé bí ẹni pé ilé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ti wá.

"Ó ku mélòó?" Bàbá béèrè. Atẹ̀wé ni Bàbá. Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ máa ń dákẹ́, ọjọ́ yẹn ló sì yọ̀ǹda bébà líle tó ṣẹ́ kù lára iṣẹ́ àwọn oníbàárà fún wa.

"Ó ku mẹ́jọ, Bàbá," Tínrín dáhùn. Àbúrò mi ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé Bàbá máa ń sọ pé tó bá fẹ̀gbẹ́ kọ èèyàn, onítọ̀hún kò ní rí i.

"Ìkookò mélòó ló wà nínú ogun yìí ná?"

"Èèyàn-ìkookò ni, Bàbá, kì í ṣe ìkookò lásán. Èèyàn ni wọ́n lọ́sàn-án. Tí òṣùpá bá ti yọ ni irun á bo gbogbo ara wọn."

"Ó yé mi. Bí ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe máa ń rí tí ẹ bá jí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kọjá eyín mi.

Kí n sọ òótọ́: èmi ni mo kọ́kọ́ mú èèyàn-ìkookò wọ ilé wa. Mo máa ń yá ìwé ìtàn ní ilé ìkàwé, mo sì máa ń kà á títí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ á fi fẹ́ já. Ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń pè mí ní Akàwé. Lọ́jọ́ kan tí mò ń di irun fún Tínrín, mo sọ ìtàn wọn fún un: bí wọ́n ṣe ń gbóòórùn ẹ̀rù lára èèyàn láti òkèèrè, bí fàdákà ṣe ń jó wọn lára. Mo sọ ọ́ tán, mo gbàgbé. Òun kò gbàgbé. "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló lágbára jù nínú wọn? Kí ló lè mú un?" Mi ò mọ̀. Ló bá mú ìwé àjákọ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀dá tirẹ̀. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, wọ́n ti di méjìdínláàádọ́ta, ó sì ti sọ wọ́n di eré káàdì.

Iwájú káàdì kọ̀ọ̀kan ni àwòrán èèyàn-ìkookò náà àti agbára rẹ̀ wà. Ẹ̀yìn ni àìlera rẹ̀ wà. Asáré lè fo àyè méjì lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n kò lè la omi tó ń ṣàn kọjá. Agbóòórùn lè mú kí alátakò ṣí káàdì kan hàn tipátipá, àmọ́ èéfín máa ń dí i nímú. Tí Ìyá Agbo bá ké, agbára gbogbo ìkookò tó yí i ká á di ìlọ́po méjì; ṣùgbọ́n tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ bá ṣubú, ìbànújẹ́ kò ní jẹ́ kó lè mira. O kò sì gbọ́dọ̀ yí ẹ̀yìn káàdì alátakò rẹ wò, àfi tó bá ti bù ọ́ jẹ lẹ́ẹ̀kan. Ojú ọgbẹ́ lo ti máa mọ ibi tí wàá ti rí ọ̀tá rẹ mú.

Èyí tó burú jù ni Ìkookò Funfun. Ohunkóhun tó bá bù jẹ á di tirẹ̀. Ọmọ ogun rẹ lónìí, ọmọ ogun rẹ̀ lọ́la. Ohun kan ṣoṣo ló lè dá a dúró, bí Tínrín sì ṣe kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ nìyí: "Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kó tó di ìkookò pè é ní orúkọ tó ń jẹ́ nílé. Á dúró, á sì padà di èèyàn." Káàdì kan wà tó ń jẹ́ Orúkọ. Ẹni tó bá mú un lọ́wọ́ ló lè pè é.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ka ibẹ̀, inú mi dùn, lẹ́yìn náà ó bàjẹ́. Ó dára ju gbogbo ohun tí mo ti kọ rí lọ. Láti ọmọ ọdún méjìlá ni mo ti ń gbìyànjú láti kọ ìtàn tèmi. Inú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni gbogbo wọn wà, kò sì sí ọ̀kan tó ní ìparí.

Nígbà tó yá, ilé ìkàwé kéde ìdíje ṣíṣe eré tuntun fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Eré ẹni tó bá ta yọ, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú páálí tó rẹwà, wọ́n á kọ orúkọ ẹni tó ṣe é sórí ìdérí, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìkàwé káàkiri. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù nílé wa. Aránṣọ ni Màmá, kò sì sí oníbàárà tó wá wọn aṣọ tí kò gbọ́ ọ. "Ọmọ mi kékeré yẹn, orí rẹ̀ pé! Òun fúnra rẹ̀ ló ronú kan gbogbo rẹ̀." Èmi ni mo máa ń di ike abẹ́rẹ́ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan béèrè pé, "Èyí àgbà ńkọ́?"

Màmá gé òwú pẹ̀lú eyín rẹ̀. "Èyí àgbà? Ó fẹ́ràn ìwé kíkà."

Ó tán. Mo dúró níbẹ̀, mo ń retí kí ó fi nǹkan kan kún un. Kò fi nǹkan kan kún un.

Iṣẹ́ dída ọ̀rọ̀ inú ìwé àjákọ kọ sára káàdì ni wọ́n fún mi, torí pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, ti Tínrín sì dà bí ipasẹ̀ adìyẹ nínú ẹrẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta náà, Bàbá gé káàdì tán, ó sì gbé iṣẹ́ oníbàárà kan lọ síta. Ó ku àwa méjèèjì. Mo ń kọ̀wé, Tínrín ń fi ọ̀dà kun àwòrán.

"Orúkọ ta ni wọ́n máa kọ sórí páálí náà?" Mo béèrè bí ẹni tí kò ka ọ̀rọ̀ sí.

"Tèmi ni."

"Tèmi ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ni akọ̀wé mi. Wọ́n ń kọ orúkọ akọ̀wé síta ni?"

"Ṣé o ti gbàgbé pé èmi ni mo sọ ìtàn wọn fún ẹ?"

"Ẹ sọ pé wọ́n wà," ó ní. "Èmi ni mo lọ bá wọn gbé." Ó nu búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. "Omi ọ̀dà yìí ti dọ̀tí. Ẹ jẹ́ kí n lọ pọn òmíràn."

Ó jáde. Mo ń gbọ́ ìró sálúbàtà rẹ̀ títí ó fi dé ibi ẹ̀rọ omi. Káàdì tó wà níwájú mi ni ti Ìkookò Funfun. Tínrín ti ya ojú rẹ̀ tán; ojú náà ń wò mí bí ẹni tó mọ̀ mí. Mo yí i padà. Mo kọ ÀÌLERA sókè, mo fa ìlà tín-ínrín sábẹ́ rẹ̀. Ìwé àjákọ ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì mọ ohun tó wà níbẹ̀ lórí.

Mo kọ: "Kò sí."

Ọ̀rọ̀ méjì péré. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí yíǹkì náà kó lè tètè gbẹ, mo sì ti káàdì náà sí àárín àwọn yòókù. Nígbà tí Tínrín padà dé, mo ní kó wá yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Mo fẹ́ kó rí i. Mo sì tún fẹ́ kó má rí i.

"Kí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò?" ó ní. "Ọwọ́ yín kì í ṣàṣìṣe."

Ọjọ́ ìdíje pé. Òfin wọn le: ohun tí a kọ sára káàdì nìkan ni adájọ́ máa tẹ̀ lé, ẹni tó ṣe eré kò sì gbọ́dọ̀ la ẹnu títí wọ́n á fi ta á tán bí ẹni ń ta ayò. Tí ó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á yọ ọ́ kúrò. Wọ́n ní eré tó dára gbọ́dọ̀ lè dá dúró láìsí ẹni tó ṣe é nítòsí.

Àwọn adájọ́ méjì ló ta eré Tínrín wò: obìnrin tó ń ṣe àbójútó ilé ìkàwé, àti ọkùnrin kan onírùngbọ̀n tó ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ lọ sọ́jà. Inú wọn dùn lákọ̀ọ́kọ́. Obìnrin náà fi èéfín dí Agbóòórùn nímú, ó sì pariwo bí ọmọdé. Onírùngbọ̀n ń mi orí ṣáá. "Ta ló ronú irú èyí?" Màmá fi ìgúnpá tọ́ Bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tínrín jókòó sórí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kí ayọ̀ má bàa mú un sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà ni onírùngbọ̀n gbé Ìkookò Funfun sílẹ̀. Ó bu ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun obìnrin náà jẹ. Obìnrin náà ní Orúkọ lọ́wọ́. Mo rí i láti ibi tí mo jókòó sí. Ó yí ẹ̀yìn Ìkookò Funfun padà, ó kà á, ó tún un kà.

"'Kò sí,'" ó kà á síta. "Kí wá ni káàdì tí wọ́n pè ní Orúkọ yìí wà fún?"

Tínrín gbé ọwọ́ sókè. Ẹni tó ń ṣọ́ àkókò mi orí sí i, ó fi ìka sí ètè. Tínrín sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó sì yíjú sí mi. Kò bínú. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń retí pé kí n ràn án lọ́wọ́, torí èmi kì í ṣe ẹni tó ṣe eré. Òfin kò de ẹnu mi. Mo lè dìde kí n sọ pé, "Ẹ dákun, àṣìṣe ọwọ́ mi ni." Gbólóhùn kan ni.

Mo wo bàtà mi.

Ìkookò Funfun bu gbogbo wọn jẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kù díẹ̀, àwọn adájọ́ kàn ń gbé káàdì sílẹ̀ láìrò ó. "Ó ti jẹ wá tán," onírùngbọ̀n ní, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. "Ó ṣe mí láàánú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ eré gidi." Ọmọkùnrin kan tó ṣe eré ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀ pé ó ta yọ.

Háà, mo ti rò pé inú mi á dùn! Mo wá a nínú ara mi bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. Kò sí níbẹ̀.

Bí a ṣe ń rìn lọ sílé, Bàbá ní, "Tínrín, kí ló ṣẹlẹ̀ sí Ìkookò Funfun? Ṣé bí o ṣe kọ ọ́ sínú ìwé rẹ nìyẹn?"

Tínrín di ìwé àjákọ náà mọ́ àyà. "Mi ò rántí, Bàbá. Bóyá èmi ni mo gbàgbé."

Ó rántí. Ó ń bò mí láṣìírí. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹsẹ̀ mi kọ̀ láti lọ.

"Èmi ni," mo ní. "Kò gbàgbé nǹkan kan. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Mo ń jowú rẹ̀."

Màmá dúró sójú kan. Bàbá wò mí títí, kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Tí mo bá fẹ́ sọ fún oníbàárà pé iṣẹ́ kan mọ́," ó ní, "ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ." Tínrín kàn yára rìn síwájú.

Lọ́jọ́ Ajé, Bàbá mú mi lọ sí ilé ìkàwé láti jẹ́wọ́. Obìnrin náà gbọ́ mi tán. "A ti kéde," ó ní. "Mi ò lè gba ẹ̀bùn náà lọ́wọ́ ọmọ tó jẹ ẹ́. Kí àbúrò rẹ mú eré rẹ̀ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀." Lẹ́yìn náà ó bojú wo ìwé ìtàn tí mo fẹ́ yá. Ó lu òǹtẹ̀ sí i, kò sì rẹ́rìn-ín sí mi bó ṣe máa ń ṣe.

Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni Tínrín kò fi pè mí ní ẹ̀gbọ́n. "Ẹ ní kí ó wá jẹun," ló máa ń sọ fún Màmá, bí ẹni pé mi ò sí nínú yàrá. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta kejì, mo bẹ Bàbá fún bébà líle. Mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, mo tún ọ̀rọ̀ gbogbo káàdì náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo fi àyè àwòrán sílẹ̀. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn Ìkookò Funfun, mo kọ ohun tí Tínrín kọ sínú ìwé àjákọ, lẹ́tà kan kò yàtọ̀.

Tínrín wọlé. Ó gbé káàdì náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú àti lẹ́yìn. Ó yẹ gbogbo wọn wò, ọ̀kan kò ṣẹ́ kù. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ó tọ́ sí mi.

"Ẹ pín in," ó ní níkẹyìn.

A ta á. Ọwọ́ mi ni Ìkookò Funfun bọ́ sí. Mo gbé e sílẹ̀, mo bu Asáré rẹ̀ jẹ. Ó yí káàdì mi padà, ó kà á sínú, ó sì yọ Orúkọ kúrò láàárín àwọn tirẹ̀. Ó gbé e ka iwájú mi. Ó yẹ kó pe orúkọ kan. Ó wò mí lójú.

"Bọ́nmi," ó ní.

Orúkọ tó ń pè mí nìyẹn nígbà tí kò tíì lè pe "ẹ̀gbọ́n mi" tán. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo gbọ́ ọ kẹ́yìn. Mo fi ìka bo Ìkookò Funfun mi, mo dojú rẹ̀ bolẹ̀, mo sì sunkún sórí tábìlì Bàbá.

"Ẹ má jẹ́ kí omi kan káàdì mi o," Tínrín ní. "Ẹ̀yin náà lẹ máa tún un kọ."

Owú ni Ìkookò Funfun tèmi. Ó wọ inú mi láìkan ilẹ̀kùn, gbogbo ohun rere tó bù jẹ sì di tirẹ̀: ìtàn tí mo sọ fún àbúrò mi, ọwọ́ ìkọ̀wé mi, títí kan ìfẹ́ tí mo ní sí i. Irọ́ ni mo pa nígbà tí mo kọ ọ́ pé kò ní àìlera. Ó ní. Ọjọ́ tí mo pè é lórúkọ lójú ọ̀nà, níṣojú Bàbá àti Màmá, ọjọ́ náà ló dúró. Àmọ́ ó ti bu àbúrò mi jẹ kí n tó sọ̀rọ̀. Ìwọ tí o ń ka èyí, tí o bá ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ara rẹ nítorí ẹlòmíràn ń ta yọ, tètè pè é lórúkọ. Má dúró dìgbà tí yíǹkì á gbẹ.