Wọ́n Ní Kó Dúró Di Sátidé

Fúnkẹ́ gbé páálí kékeré kan sórí tábìlì, ó sì jókòó láìbọ́ bàtà. Ìyànà Ìpájà ni ó ti ń bọ̀, níbi tí ó ti lọ rí oníbàárà kan tó fẹ́ kí ó ya àwòrán ilé fún òun. Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé lórí kọ̀ǹpútà ni ó fi ń gbọ́ bùkátà bàbá wọn àti Dárasími, àbúrò rẹ̀. Ìyá wọn ti ṣaláìsí, àrùn rọpárọsẹ̀ sì ti dá bàbá dúró lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́.

Dárasími béèrè ohun tó wà nínú páálí náà. Fúnkẹ́ ní gíráfíìsì káàdì tuntun ni, pé òun ni yóò jẹ́ kí kọ̀ǹpútà àwọn lè gbé àwòrán ńlá láìmáa dákú. Ó ti pẹ́ tó ti máa ń fọwọ́ lérán níwájú kọ̀ǹpútà náà, tí yóò máa dúró kí ògiri kan ṣoṣo tó yọ.

"Má fọwọ́ kàn án o," ni ó wí. "Bọ̀dá Jibril tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe n'Íkọ̀tún ní páwà tó ń pín iná nínú tiwa ò lè gbé e. Wọ́n ń mú èyí tó lágbára bọ̀ ní Sátidé, wọ́n á wá tò ó pọ̀."

Dárasími ní òun ti gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Hope, ọmọ kíláàsì rẹ̀, tẹ̀ lé e wálé láti ilé-ìwé. Géèmù eré mọ́tò kan ti wà lọ́wọ́ Hope tipẹ́, kò rí kọ̀ǹpútà tó lè gbé e. Bó ṣe rí páálí náà ló ní kí wọ́n tú ìdè kọ̀ǹpútà, kí wọ́n ki káàdì bọ̀ ọ́. Ó ní òun ti wo fídíò rẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dárasími rántí ìkìlọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí Àǹtí Fúnkẹ́ bá dé bá a pé ó ti ń ṣiṣẹ́, inú rẹ̀ yóò dùn. Ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, géèmù náà ló ń pè é.

Wọ́n tú u, wọ́n ki káàdì náà bọ̀ ọ́. Káàdì náà ní ojú ihò tí wáyà páwà gbọ́dọ̀ wọ̀, kò sì sí wáyà tó bá a mu. Hope wá èyí tó fara jọ ọ́, ó fi so ó. Kọ̀ǹpútà tàn. Mọ́tò ń sáré lójú rẹ̀ bí ẹni pé èèyàn lè fọwọ́ kàn án, àwọn méjèèjì sì ń rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ rárá tí nǹkan kan fi dún "pó" nínú rẹ̀, tí òórùn rọ́bà tó jó gba yàrá, tí ojú kọ̀ǹpútà sì ṣókùnkùn.

Wọ́n dá káàdì padà sínú páálí, wọ́n de kọ̀ǹpútà bó ṣe wà. Hope gbé báàgì rẹ̀, ó lọ sílé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, iná lọ, ó tún dé. Bàbá fi ọ̀pá rìn dé ara ògiri, ó fi ọwọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ yí iná láti jẹnẹrétọ̀ padà sí ti NEPA. Nígbà tí Fúnkẹ́ wọlé, ó tan kọ̀ǹpútà títí, kò dá a lóhùn.

"Ó ní láti jẹ́ èmi ni," bàbá wí. "Mi ò jẹ́ kí iná náà fìdí múlẹ̀ kí n tó yí i. Ọwọ́ tó kù yìí náà ò gbọ́ràn mọ́."

Fúnkẹ́ ní kò burú. Ó ní bóyá páwà lásán ló jó, Jibril yóò kúkú mú tuntun bọ̀ ní Sátidé. Dárasími dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kò sọ̀rọ̀. Kò tilẹ̀ nílò láti purọ́ mọ́. Ẹlòmíràn ti gbé ẹrù náà rù.

Láti ọjọ́ náà ni bàbá kò ti fọwọ́ kan nǹkan kan nínú ilé mọ́. Nígbà tó di Fúráídé, oníbàárà náà pe Fúnkẹ́ pé òun kò lè dúró mọ́, òun ti gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Dárasími gbé oúnjẹ síwájú bàbá, bàbá sì tì í sẹ́yìn.

"Mo ti di ẹrù lọ́rùn Fúnkẹ́," ni ó wí jẹ́jẹ́, "mo tún wá ń ba irinṣẹ́ rẹ̀ jẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Dárasími lára. Ó kúnlẹ̀. "Dádì, ẹ̀yin kọ́. Èmi ni." Ó sì sọ gbogbo rẹ̀.

Bàbá ní kó dìde. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni ó wí, kò sì fi ìyókù kún un.

Fúnkẹ́ ti gbọ́ láti inú yàrá. Dárasími retí igbe, ó tilẹ̀ fẹ́ kó gbá òun létí. Ṣùgbọ́n Fúnkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Ká ní o sọ fún mi lọ́jọ́ náà," ni ó wí, "ǹ bá má dúró de Sátidé, ǹ bá ti lọ lo kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, iṣẹ́ yẹn ì bá má bọ́. Àti Dádì. O ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń fìyà jẹ ara wọn."

Nígbà tí Jibril dé, ó ní páwà ti jó, káàdì tuntun náà ti jó, ó sì ti ràn mọ́ pátákó tí gbogbo nǹkan inú kọ̀ǹpútà dúró lé. Fún oṣù bíi mélòó kan, Fúnkẹ́ ń lọ yàwòrán lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan l'Ágbàdo, yóò sì padà wálé pẹ̀lú ojú tó ti wọnú. Dárasími gba gbogbo iṣẹ́ ilé, òun náà ló sì ń mú bàbá rìn yí ká àgbàlá láàárọ̀. Hope kò yà sílé wọn mọ́.

Lọ́jọ́ tí kọ̀ǹpútà tún tàn, Dárasími bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. "Mi ò bínú mọ́," Fúnkẹ́ dáhùn. "Ó kàn rẹ̀ mí ni."

Èyí ló dun Dárasími jù. Ìkánjú ló ba kọ̀ǹpútà jẹ́, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ló jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó sì ba bàbá nínú jẹ́. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe, kó tètè jẹ́wọ́. Nítorí àṣìṣe tí èèyàn bá gbé pamọ́, orí aláìṣẹ̀ ni yóò bà lé.