Alùpùpù Tí Yóò Gbé Dúrótìmí àti Flore

"Mi ò gùn ún mọ́. Kí n fi ẹsẹ̀ rìn dé matẹ́nítè sàn fún mi."

Flore ló ń sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ilé wọn ní Towé, tó gbé ọwọ́ lé ikùn. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù ìkẹsàn-án. Ní Pobè ni matẹ́nítè, ilé ìgbẹ̀bí rẹ̀, wà, ọ̀nà ibẹ̀ sì jìn ju ohun tí aboyún lè fẹsẹ̀ rìn lọ.

Dúrótìmí, ọkọ rẹ̀, kò lè jókòó. Ó lọ, ó bọ̀. Ó ta alùpùpù rẹ̀ nípàá, ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó nu ibi tó ta.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ọkùnrin náà sanra, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ga. Iṣẹ́ òkúta ló ń ṣe lọ́nà Onigbolo, apá rẹ̀ tó itan ẹlòmíràn. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ohun tó burú ni alùpùpù tó lọ rà, èyí tí àwa níbí ń pè ní mótò. Ẹ́ńjìnnì 100 cc ni, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ báyìí, irú èyí tó yẹ ẹni pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ń dá lọ síbi iṣẹ́.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú, àwọn méjèèjì ń gun òkè tó wọ Pobè. Mótò kérora, ó kú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn. Dúrótìmí tẹ fùrẹ́ẹ̀ tí a fi ń dá mótò dúró, kò dúró. Flore yọ̀ bọ́ láti ẹ̀yìn, ó fi ìdí jókòó sórí iyanrìn. Agbẹ̀bí yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí ohun tó ṣe ọmọ inú rẹ̀. Ẹ̀rù tó wọ Flore lára ni kò jáde mọ́.

"Mo máa ra ńlá," Dúrótìmí wí. "Mo ti rí i ní Sakété. 250! Bó bá ké, ilẹ̀ á mì."

"Èmi ò sọ pé kó ké," Flore dá a lóhùn. "Mo ní kó gbé mi."

Bí ọkọ rẹ̀ ṣe jáde báyìí, Flore mú fóònù, ó pe Elvire, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní mótò gígùn ní Sakété.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mótò wa kú lórí òkè lánàá, mo ṣubú; ọkọ mi ń bọ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó ra nǹkan tó máa pa wá."

Nígbà tí Dúrótìmí fi máa dé ọ̀dọ̀ Euloge tó ń ta mótò, Elvire ti wà níbẹ̀. Elvire náà ò kéré o. Bó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ò ní rí inú ilé.

"Patúróòn, ọ̀gá mi!" Euloge ti ń rẹ́rìn-ín. "Ọkùnrin bíi yín, 250 yìí ló yẹ yín. Ẹ wo bó ṣe ga!"

Dúrótìmí ti ki ọwọ́ bọ àpò.

"Ẹ dúró ná, àna mi," Elvire ní. "Ṣé ẹ ti jókòó lé e?"

"Jókòó lé e kẹ̀? Tantí, ẹ mọ ilé wa. Irin tí a kò tíì ta epo pupa sí fún Ògún, a kì í jókòó lé e."

"Èyí tó kú lórí òkè lánàá ńkọ́? Ṣé ẹ jókòó lé e kí ẹ tó rà á?"

"Rárá o. Ojú ni mo fi yàn án."

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ̀yin òǹkàwé. Àṣà ilé Dúrótìmí dára, kò sì sẹ́ni tó ní kó fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ́ di ìdí láti máa ra mótò bí ẹni ń ra aṣọ láìwọ̀ ọ́ wò. Elvire kò bú àṣà ẹnikẹ́ni. Ó pe Bàbá Ògúnṣínà, bàbá Dúrótìmí, lórí fóònù, ó sì jẹ́ kí gbogbo wọn máa gbọ́.

"Bàbá, ẹ kú ilé o. Ọmọ yín ní òun ò lè jókòó lé mótò tí òun fẹ́ rà."

"Mótò ta ni?"

"Ti ẹni tó ń tà á ni, Bàbá. Ọmọ yín ò tíì sanwó."

"Ṣé irin onírin ni mo máa wá ta epo sí ni? Èyí tó bá di tiwa ni kó gbé wá fún mi! Dúrótìmí, ṣé o ń gbọ́ mi? Jókòó lé e kíá, kí o tó gbé ìyàwó lé e!"

Euloge fi ọwọ́ bo ẹnu.

Dúrótìmí gun 250 náà. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kanlẹ̀. Elvire ní kí Euloge gbé àpò àgbàdo kan sí ẹ̀yìn, kó dúró ní ipò Flore. "Ó yá, ẹ rọra yí i sọ́tùn-ún bí ẹni fẹ́ yà."

Mótò tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹsẹ̀ Dúrótìmí wá ilẹ̀, kò rí i. Mótò, ọkùnrin àti àgbàdo ṣubú papọ̀.

Ó jókòó sílẹ̀, ó ń wo àpò náà. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Flore nìyẹn," ó ní.

"Òun ni." Elvire fà á dìde. "Àna mi, ara ńlá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kékeré ò lè fà yín gun òkè, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí tó wúwo jù, tó ga jù, á ṣubú lù yín. 125 lè tó ẹni tó lára bó bá ń dá gùn ún lórí ọ̀nà pẹrẹsẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun òkè, tí ẹ tún ń gbé ìyàwó, 150 ni kí ẹ dán wò. Ẹ́ńjìnnì nìkan kọ́ o. Ẹ wo sípíríǹgì ẹ̀yìn, ẹ wo táyà, ẹ wo fùrẹ́ẹ̀. Ẹ sì béèrè ìwọ̀n ẹrù tí àwọn tó ṣe é ní kó gbé."

"Ṣé ara tèmi wà nínú ẹrù yẹn?"

"Kí ló dé tí kò ní sí níbẹ̀? Ṣé òjìji yín ló ń gùn ún ni?"

Euloge ti 150 kan jáde. Dúrótìmí jókòó lé e, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀. Wọ́n gbé àgbàdo sí ẹ̀yìn, sípíríǹgì wọlẹ̀ díẹ̀, ó sì dúró. Elvire mú Dúrótìmí lọ sí ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan. Mótò náà gun ibẹ̀ láìkérora. Dúrótìmí tẹ fùrẹ́ẹ̀ níbẹ̀, mótò dúró ṣinṣin. Èyí ló rà.

Nílé, Bàbá Ògúnṣínà ta epo sí i. Flore wò ó, ó yí padà wọlé.

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí ìrọbí fi mú un, lọ́sàn-án gangan. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ṣoṣo tó wà ládùúgbò ti lọ ọjà. Dúrótìmí ń sáré kiri, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Jẹ́ẹ́jẹ́ o," Flore wí. Wọ́n dé kásìkì, akoto tó ń dáàbò bo orí. Flore jókòó sẹ́yìn, ó di ojú, ó gbá ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ mú. "Bí a bá dé òkè, sọ fún mi, kí n sọ̀ kalẹ̀."

Dúrótìmí ṣáná sí mótò, wọ́n gbéra. Nígbà tó ṣe, ó dúró.

"Flore, la ojú."

Òrùlé matẹ́nítè ló rí.

"Òkè yẹn ńkọ́?"

"A ti gùn ún kọjá."

Flore ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọlé lọ.

Ọmọbìnrin ló bí. Lọ́jọ́ tí àwọn agbẹ̀bí ní kí wọ́n máa lọ sílé, Dúrótìmí ti nu mótò rẹ̀ títí ó fi ń dán, ó gbé e dúró lẹ́nu ọ̀nà matẹ́nítè. Elvire ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́.

"Àna mi, ènìyàn méjì la dán an wò fún. Ẹ ti di mẹ́ta."

Ọkọ̀ gbé ìyá àti ọmọ. Dúrótìmí nìkan gun mótò tẹ̀ lé wọn dé Towé.

Ẹ̀yin ará wa tí ara yín tóbi, ẹ má tijú láti sọ bí ẹ ṣe wúwo tó fún ẹni tó ń ta mótò. Ẹ ro ara yín, ẹni tó ń jókòó sẹ́yìn yín àti ẹrù yín pọ̀, kí ẹ tó yan ẹ́ńjìnnì. Kékeré jù léwu, ńlá tí ẹsẹ̀ yín ò kanlẹ̀ lórí rẹ̀ léwu pẹ̀lú. Aboyún tó bá lè rí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, kó wọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ẹ má kó ènìyàn mẹ́ta lé mótò kan.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ jókòó lé e, kí ẹ sì gbé ẹrù sí ẹ̀yìn. Bó bá máa ṣubú, ẹ jẹ́ kó jẹ́ àgbàdo ló wà níbẹ̀.