Kànga Tó Bẹ́sẹ̀ Rẹ̀ Sọ̀rọ̀

Ilẹ̀ ti mọ́ kedere nígbà tí kànga ìlú Àbàtàdùn dìde. Obìnrin mẹ́rin ló wà nídìí rẹ̀ pẹ̀lú garawa. Wọ́n rí i tó na ẹsẹ̀ irin rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó fa ẹnu rẹ̀ yọ kúrò nínú ilẹ̀, tó gbọn ẹrẹ̀ nù. Ló bá bẹ́sẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó di ọ̀nà ìlú Olókúta. Ọ̀kan nínú wọn sá tẹ̀lé e, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí garawa òun kún ná. Kànga ò wẹ̀yìn.

Ìyádùnní gbọ́ ariwo, ó jáde, ó sì káwọ́ lérí. Ọdún mẹ́fà lòun àti ẹgbẹ́ ìtẹ̀síwájú ìlú fi kọ lẹ́tà kí wọ́n tó rí kànga yìí gbà. Láyé ìgbà náà, tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń gbé orí Òṣùpá, tí wọ́n ń wá kí ìyá wọn nílé lásìkò Kérésì, ohun amáyédẹrùn kì í dúró sójú kan mọ́. Kànga lẹ́sẹ̀, ilé ìwòsàn náà lẹ́sẹ̀. Ibi tí ìnira bá pọ̀ sí ni wọ́n ń rìn lọ. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Etí-Ìlú ló ń darí wọn. Ó wà lára ògiri gbogbo ilé, kò tóbi ju ọsàn lọ. Láràárọ̀ ni yóò kí onílé pé, “Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé àlàáfíà lẹ jí?” Ohun tí onílé bá wí ni yóò gbà gbọ́.

Ní Àbàtàdùn, ta ni yóò sọ fún ẹni tó kí i láàárọ̀ pé kò sí àlàáfíà? Ẹni tí orí ń fọ́ á ní òun dúpẹ́. Ẹni tí òrùlé ń jò lé lórí á ní Olúwa ṣeun. Ọdún kan gbáko ni Etí-Ìlú ò gbọ́ ẹ̀dùn kankan níbẹ̀, ló bá gbà pé wọ́n ti dé ìjọba ọ̀run. Àwọn ará Olókúta ńkọ́? Bí ẹ̀fọn bá jẹ ẹnìkan níbẹ̀, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Dókítà Arínọlá, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe Etí-Ìlú, wá sí ààfin Baálẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ ò bàjẹ́ rárá. Ó tún ní ilé ìwòsàn yóò tẹ̀lé kànga lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, àfi bí ẹnìkan tó ń gbàtọ́jú níbẹ̀ bá fẹnu ara rẹ̀ sọ fún Etí pé ara òun ò yá.

Ọ̀rọ̀ náà gún Ìyádùnní láyà. Ìyá rẹ̀, Màmá Rèbékà, ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta ni ilé ìwòsàn ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Olókúta jìn, odò tí kò ní afárá sì wà láàárín.

Baálẹ̀ Oyèdòkun bèèrè bóyá ilé ìwòsàn ò mọ àwọn tó ń tọ́jú ni.

“Ó mọ̀, Bàbá. Ẹ̀yin àgbà lẹ ní kó má tú àṣírí àìsàn yín fún Etí. Ẹ fọwọ́ sí i.”

Baálẹ̀ gbọn aṣọ rẹ̀. “Ṣé ká wá máa fẹnu ara wa pe àìsàn wọlé lójoojúmọ́? Ẹ kọ́ ẹ̀rọ yín lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ọmọ tó gbọ́n, á wojú ìyá rẹ̀, á mọ̀ pé ebi ń pa á.”

“Bàbá, a ò fún un lójú. Etí la fún un.”

Ìyádùnní kò ráyè ìjà àwọn méjèèjì. Ó ń ti ilé dé ilé, ó ń kọ́ àgbàlagbà ní ohun tí ọmọ ọwọ́ mọ̀ ọ́n ṣe láìkọ́. Bàbá Lámídì káfíńtà, tí ilé ìwòsàn ń to orúnkún fún, tún un sọ lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀meje pé, “Orúnkún ń dùn mí.” Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí Etí kí i, ó ní, “Orúnkún mi… ha, ó ń ṣe dáadáa, a dúpẹ́.” Ìyàwó Èsékíẹ́lì, tí ọyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ, ní ẹnìkan wà tí ẹ̀yìn ń ro, ṣùgbọ́n òun ò ní dárúkọ. Ìyádùnní jókòó sórí òkúta, ó bi Ọlọ́run léèrè ohun tí òun ṣe.

Nílé tirẹ̀ ló le jù. Ó ti bẹ ìyá rẹ̀ títí ẹnu fi gbẹ. Ìyá ìjọ ni Màmá Rèbékà, ẹnu tó fi ń dúpẹ́ láti ìgbà èwe, kò ní fi ráhùn.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Etí kí wọn. Màmá Rèbékà ní, “A dúpẹ́ o.” Lójúde, ilé ìwòsàn gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó gbé ìkejì. Gbogbo ìlú dúró, wọ́n ń wò ó.

Ìyádùnní kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú. Ẹsẹ̀ náà ti wú bí irọ̀rí. “Màmá, ẹ̀yin lẹ sọ mí ní Ìyádùnní. Tí ẹ bá lọ báyìí, ta lẹ fẹ́ kó máa gbàdúrà fún mi?”

Ìyá àgbà wò ó pẹ́. Ó yíjú sí Etí lára ògiri.

“Kíndìnrín mi ti kú,” ló wí. “Ara ń ro mí lójoojúmọ́. Ẹ̀rù ikú sì ń bà mí.”

Ìyádùnní ò gbọ́ ìyẹn rí. Ilé ìwòsàn sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó padà.

Ọ̀rọ̀ tí Ìyá ìjọ lè sọ, ta ni yóò tún máa tijú rẹ̀? Láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo ẹnu ti là. Bàbá Lámídì ka orúnkún, ó ka ìbàdí, ó ka àna rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ráhùn títí Etí fi gbóná. Kí oṣù tó parí, kànga ti padà sí Àbàtàdùn, ó ti ẹnu bọ ojú ihò rẹ̀, omi sì ń tú yàà. Dókítà Arínọlá kọ̀wé pé iṣẹ́ ti yọrí.

Ṣùgbọ́n ẹ kí ẹnikẹ́ni ní Àbàtàdùn láàárọ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn tó ń dùn ún ni yóò kọ́kọ́ bá yín sọ. Lọ́jọ́ ìsinmi, nígbà tí wọ́n pe àwọn tó fẹ́ dúpẹ́ síwájú pẹpẹ, kò sẹ́ni tó jáde, àga nìkan ló kù tí kò ráhùn.

Ìyádùnní bu omi tuntun láti ìdí kànga, ó kúnlẹ̀, ó gbé e fún ìyá rẹ̀. Látìgbà tó ti gbọ́njú, bí Màmá Rèbékà bá mumi lọ́wọ́ rẹ̀, á gbé ife sókè díẹ̀, á ní a dúpẹ́, á sì gbàdúrà pé ilé Ìyádùnní ò ní gbẹ láéláé.

Ìyá àgbà mumi. Ó wo inú ife.

“Ó tutù jù,” ló wí, ó dá a padà.

Ìyádùnní gba ife. Kò tíì dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó ń dúró de àdúrà.