Fèrè Bàbá Rájì

"Fọn ọ́n kó dún, Hàlímàt! Iwin tó ń ṣọ́ ààfin lo jẹ́, kì í ṣe iwin tí ibà ń ṣe!" Sódìq ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn fóònù tó gbé dání.

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan ní Ọ̀fà: Hàlímàt, Sódìq àti Olúwabùnmi, ọmọ kíláàsì kan náà. Fíìmù apanilẹ́rìn-ín ni wọ́n ń yà, nípa iwin kan tó ń gbé ààfin àtijọ́. Iwin náà fẹ́ máa dẹ́rù ba àlejò, àmọ́ òun gan-an ló ń sá fún eku. Bàbá bàbá Hàlímàt ló kọ́ ilé yẹn. Ògiri òkè rẹ̀ ti ń wó, àdán ti gba ibẹ̀, ta ni yóò rí i tí kò ní gbà pé iwin ń gbé ibẹ̀ lóòótọ́?

Aṣọ iwin nìkan ló kọ́kọ́ dà wọ́n láàmú. Hàlímàt wá rántí àpótí tó wà lábẹ́ ibùsùn Alhaja, ìyá bàbá rẹ̀ tó ń tọ́ ọ nísàlẹ̀ ilé náà. Kóòtù dúdú gígùn, fìlà àti fèrè tí bàbá àgbà, Bàbá Rájì, fi ṣiṣẹ́ rélùwéè wà níbẹ̀. Alhaja a máa sá kóòtù náà sóòrùn lóṣooṣù, kì í sì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Hàlímàt mọ èyí dájú. Síbẹ̀, bí Alhaja ṣe ń kírun Àsárì lọ́wọ́, ó yọ́ wọlé, ó kó wọn. Ó ní òun yóò dá wọn padà kí Alhaja tó mọ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un rí ni pé, nígbà ayé bàbá àgbà, bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ̀ẹ̀mejì gbọọrọ ló máa ń fọn fèrè náà kí ìyàwó rẹ̀ lè gbọ́ kó sì gbé oúnjẹ kalẹ̀. Fèrè ọ̀hún ti dákẹ́ láti ọdún mẹ́rìnlá.

Hàlímàt wọ kóòtù, ó dé fìlà, ó dúró lójú fèrèsé, ó sì fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, gbọọrọ.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Alhaja ni, Alhaja tí orúnkún kò jẹ́ kó gun òkè yẹn láti ọjọ́ yìí wá. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Kóòtù àti fìlà nìkan ló rí lójú fèrèsé, ló bá kúnlẹ̀ sínú eruku.

"Ẹ kú àbọ̀, Bàbá Rájì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ ní ara yín ò yá, ẹ ní kí n má lọ sí Ìlemọ̀nà. Mo lọ nítorí iṣu lásán. Kí n tó dé, ẹ ti dákẹ́. Mi ò ráyè bẹ̀ yín."

Ibí yìí ló yẹ kí Hàlímàt ti ṣí fìlà. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Sódìq ń juwọ́ sí i pé kó máa bá a lọ, Olúwabùnmi sì ti fọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má bàa bọ́. Hàlímàt mú kí ohùn rẹ̀ ki bíi ti ọkùnrin.

"Mo ti foríjì ẹ́, Ìyá Rájì. Ebi ló ń pa mí. Lọ gún iyán!"

Alhaja sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ìró odó bẹ̀rẹ̀ sí í dún nísàlẹ̀. Ìyá arúgbó ń gúnyán, àwọn ọmọ sì ń rẹ́rìn-ín lókè títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Láti ọjọ́ yẹn, Alhaja yí padà. Ó ń sùn dáadáa, ó ń kọrin nídìí omi àlùwàlá. "Bàbá yín wá," ló sọ fún Hàlímàt. "Ó ti foríjì mí o." Hàlímàt kò lè wò ó lójú.

Ó tọ Sódìq lọ pé kó yọ ibi tí Alhaja ti kúnlẹ̀ kúrò nínú fíìmù náà.

"Ibẹ̀ gan-an ladùn wà!" ni Sódìq dá a lóhùn. "Bá a bá yọ ọ́, kí ló kù? Ṣé o ò fẹ́ káyé mọ̀ ẹ́ ni?"

Ó wu Hàlímàt káyé mọ òun. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ó dáa, gbé e síta."

Kí ọjọ́ Jímọ̀ tó pé, àwọn ọlọ́kadà ti ń fi "Lọ gún iyán!" kí ara wọn. Nílé ìwé, gbogbo èèyàn ló fẹ́ bá Hàlímàt rìn. Orí rẹ̀ wú.

Safiyat, ọmọ ilé kejì, ló gbé fóònù tọ Alhaja lọ láìmọ̀kan. "Alhaja, ẹ wá gbọ́ ohùn yín!" Alhaja kò rí àwòrán inú rẹ̀, àmọ́ ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ dópin, títí kan ẹ̀rín àwọn ọmọ.

Nígbà tí Hàlímàt dé láti ilé ìwé, ó bá a lórí ẹní, fèrè wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ń sunkún.

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

"Mo ti foríjì ẹ́. Ọmọ mi ni ẹ́." Ìyá arúgbó gbé fèrè sílẹ̀. Ó wá sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́: "Ìyẹn ni pé kì í ṣe òun ló foríjì mí."

Sódìq yọ fíìmù náà kúrò lórí ẹ̀rọ, àmọ́ ó ti wà lọ́wọ́ àìmọye èèyàn. Ohun tó dun Hàlímàt jù ni pé òun rí ìdáríjì gbà lójú ẹsẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tó wá tirẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá, tó rò pé òun rí i, tí wọ́n sì tún gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ẹ tó gbé fídíò ẹnikẹ́ni síta, ẹ kọ́kọ́ wo ojú ẹni tó wà nínú rẹ̀ bóyá òun náà ń rẹ́rìn-ín. Bí kò bá rẹ́rìn-ín, ẹ fi í sílẹ̀. Kóòtù Bàbá Rájì ti padà sínú àpótí báyìí, Alhaja kò sì sá a sóòrùn mọ́.