Ta Ló Rí Ìgbájú Náà?

Ìgbájú ló pa wọ́n pọ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà yàrá pàjáwìrì, bí àìsàn bá ṣe le tó ni nọ́ọ̀sì ṣe ń pe èèyàn wọlé, kì í ṣe bí wọ́n ṣe dé. Ó pe ọmọ ọwọ́ kan tí kò lè mí ṣáájú ìyá àgbàlagbà tó dá lápá. Ni àkọ́bí ìyá náà bá fò dìde.

"Ṣé o fọ́jú ni? Àwa la kọ́kọ́ dé!"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ yìí ò rí èémí..."

Ọwọ́ ti ba ẹ̀rẹ̀kẹ́ nọ́ọ̀sì. Gbogbo èèyàn tó jókòó síbẹ̀ wolẹ̀. Àbúrò ọkùnrin náà nìkan, káfíńtà kan, ló di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú látẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ kẹta, káfíńtà padà wá.

"Ṣé ẹ wá gbá ẹ̀gbẹ́ kejì ni?"

"Mo wá bẹ̀bẹ̀ ni. Tí kò bá tó, ẹ gbá mi padà."

Nọ́ọ̀sì ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín jàjà bọ́. Kí oṣù mẹ́rin tó pé, káfíńtà ti di "adùn ọkàn mi" lẹ́nu rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ìgbájú tí nọ́ọ̀sì fi sun ọlọ́pàá ò kúrò lójú kan ní àgọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó lóun rí nǹkan kan. Olólùfẹ́ rẹ̀ náà dákẹ́, ìyẹn sì ń dùn ún ju ìgbájú lọ.

Ìyá káfíńtà ní, "Kó tó wọ ilé mi, kó lọ fa ìwé ẹ̀sùn rẹ̀ ya. Àbí ọmú kan náà kọ́ ni ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ jọ mu?"

Bàbá nọ́ọ̀sì ní, "Wọn ò tíì fẹ́ ọ, wọ́n ti gbá ọ. Tí wọ́n bá wá fẹ́ ọ tán ńkọ́?"

Nọ́ọ̀sì sọ fún olólùfẹ́ rẹ̀ pé, "Olówó orí mi, mi ò ní fà á ya. Tí mo bá fà á ya, ta ni wọ́n máa gbá lọ́la? Ìwọ rí i. Tí o ò bá lè sọ pé o rí i, má wá mi mọ́."

Ẹ̀gbọ́n káfíńtà gbọ́ pé ó fẹ́ lọ jẹ́rìí. "Fọwọ́ sí i, kí n rí ọ! Má pè mí ní bọ̀dá mọ́ láyé!"

Lọ́jọ́ Ajé, káfíńtà bá nọ́ọ̀sì níwájú ọlọ́pàá. Ojú rẹ̀ ti wú, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti bà á.

Ọlọ́pàá gbé bírò. "Kí lo jẹ́ sí ẹni tó gbá a?"

"Àbúrò rẹ̀ ni mí. Ìyá kan, bàbá kan. Mo rí i."

"Kí lo wá jẹ́ sí ẹni tí wọ́n gbá?"

Káfíńtà yíjú sí nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì dá ọlọ́pàá lóhùn. "Ọkọ mi ni. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀."